Ìdí Ìkòkò àti Ẹyin Iná: Ohun Tí Mo Máa Ń Wò Kí N Tó Ra Ohun Èlò Ìdáná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá fẹ́ ra ìkòkò máa ń kọ́kọ́ wo bó ṣe ń dán, àwọ̀ tí wọ́n kùn ún, àti iye tí wọ́n kó sínú páálí kan. Èmi a máa dojú rẹ̀ dé kí n lè wo ìdí rẹ̀. Ìfaradà ni a fi ń kọ́ ara wa nígbà tí a bá ń pa á lówe pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáná lójoojúmọ́ lè gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gan-an. Ìdí ìkòkò ni iná ti ń bá oúnjẹ pàdé. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ooru yóò tàn kálẹ̀ dọ́gba, tàbí yóò kóra jọ sójú kan tí ìsàlẹ̀ oúnjẹ yóò fi jóná nígbà tí òkè rẹ̀ kò tíì jinná.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti sọ. Ẹni tó ń ra ìkòkò àti ẹni tó ń ra èédú, ohun kan náà ni wọ́n ń wá, ìyẹn ooru tó ṣeé darí. Kò sí ìkòkò tó dára fún gbogbo nǹkan. Irú iná kan àti irú oúnjẹ kan ni ìkòkò kọ̀ọ̀kan dára fún, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni ohun ìdáná. Nítorí náà, n kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn pinnu ìkòkò lọ́tọ̀, kó sì pinnu ohun tí yóò fi dáná lọ́tọ̀, bí ẹni pé àwọn méjèèjì kò ní pàdé.

Irin kọ̀ọ̀kan ní bí ooru ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wọn èyí, níbi tí iye tó ga ti túmọ̀ sí pé ooru ń tètè kọjá, bàbà gba nǹkan bí 400, alumíníọ́mù tí kò lábùlà gba nǹkan bí 237, irin dúdú wúwo tí wọ́n yọ́ dà gba nǹkan bí 50, nígbà tí irin tí kì í dípẹtà, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí stainless, wà ní àyíká 15 péré. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan yóò sọ pé kí a kó irin dúdú dà nù. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ìkòkò ń ṣe fún wa: ó ń tan ooru kálẹ̀, ó sì ń pa ooru mọ́. Bàbà àti alumíníọ́mù ló mọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe. Irin dúdú, nítorí pé ó nípọn tó sì wúwo, ló mọ ìkejì ṣe. Bí a bá dín iná kù lábẹ́ ìkòkò alumíníọ́mù, kò ní í pẹ́ tí ọbẹ̀ inú rẹ̀ yóò fi dẹ́kun híhó. Ti inú irin dúdú yóò ṣì máa hó lọ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé a kò fọwọ́ kan iná rárá.

Ìgbà tí a bá gbé ẹran tútù lé páànù ni ìwúlò pípa ooru mọ́ máa ń hàn gbangba. Ẹran náà ni yóò máa gba ooru lọ́wọ́ páànù. Bí páànù bá fẹ́lẹ́, ooru rẹ̀ yóò wálẹ̀ lójijì, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lára ẹran, ohun tí a sì rò pé a ń dín yóò di ohun tí a ń bọ̀. Nínú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná kọjá nǹkan bí 100°C bó ti wù kí a koná tó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ẹran kò lè pọ́n dáadáa kó sì máa ta sánsán bí a ṣe fẹ́ àfi bí ooru ojú rẹ̀ bá tó nǹkan bí 140°C. Onímọ̀ kẹ́místrì kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, Louis-Camille Maillard, kọ nípa bí ṣúgà àti àwọn èròjà amino acid ṣe ń para pọ̀ nínú ooru ní ọdún 1912, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ìyípadà yìí títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbé páànù tó wúwo lọ́wọ́, kì í ṣe agbára irin ni mo ń rà. Ooru tó fara pamọ́ sínú ìwúwo yẹn ni mo ń sanwó fún.

Mo fẹ́ràn irin dúdú, n kò sì fi pa mọ́. Ó ń béèrè sùúrù, nítorí pé ooru kì í tètè tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá gbé e lé iná ńlá lójijì, àárín rẹ̀ yóò ti máa rú èéfín nígbà tí etí rẹ̀ ṣì tutù. Iná kékeré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a sì fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí a ṣe ń fi epo tọ́jú rẹ̀ náà kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ. A ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e lé iná títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá, a ó wá fi aṣọ tó mọ́ ra epo díẹ̀ sí i nínú àti lóde, títí kan ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó mú aṣọ mìíràn, a ó sì nu epo náà kúrò bí ẹni pé a kò fẹ́ kó kù síbẹ̀ rárá. Níbí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: epo tó bá pọ̀ jù yóò rọ̀gún, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá fẹ́lẹ́ yóò gan mọ́ irin. A ó da ojú rẹ̀ dé sínú ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì, ní ooru tó tó 230°C, fún nǹkan bíi wákàtí kan. Èéfín díẹ̀ yóò jáde. Nígbà tí páànù bá tutù, àwọ̀ rẹ̀ tó ti jẹ́ eléérú tẹ́lẹ̀ yóò ti pọ́n díẹ̀. Bí a bá sì tún un ṣe, yóò máa dúdú sí i, yóò sì máa dán. Ohun tó ń bẹ lójú rẹ̀ nígbà náà kì í ṣe epo mọ́. Ooru ti so èròjà epo náà pọ̀ mọ́ra wọn di ohun líle tí ẹyin yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kan irú páànù yìí. Ọṣẹ àtijọ́ tó le gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí; ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lóde òní kò lè bó ohun tí ooru ti so mọ́ irin. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí a máa se ohun tó kan fún ìgbà pípẹ́ nínú rẹ̀, tàbí kí a da omi tútù sí i nígbà tó bá ṣì gbóná janjan, nítorí irin dúdú lè sán.

Irin tí kì í dípẹtà yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Èròjà chromium tó wà nínú rẹ̀ máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ tínínrín kan tó bo ojú irin, awọ yìí ni kì í sì í jẹ́ kó dípẹtà. Ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Harry Brearley ti ṣe irú irin yìí ní ọdún 1913. Bí a bá rí 18/10 lára ìkòkò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún irin náà jẹ́ chromium, ìdá 10 sì jẹ́ nickel. Kò sí ohun tí a kò lè sè nínú rẹ̀, ìbáà kan, ìbáà níyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí iye tó gbà lórí òṣùwọ̀n ooru: 15. Bí wọ́n bá fi irin yìí nìkan ṣe ìkòkò, tó sì tún fẹ́lẹ́, ibi tí iná bá ti kàn án gan-an ni oúnjẹ yóò ti máa jóná. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń ki alumíníọ́mù sí àárín irin méjì. Àwọn kan ń lẹ alumíníọ́mù náà mọ́ ìdí ìkòkò nìkan. Àwọn mìíràn ń jẹ́ kó gba gbogbo ara rẹ̀ dé ẹnu. Fún ìkòkò ọbẹ̀, ti ìdí nìkan tó. Fún páànù tí a fẹ́ fi dín nǹkan, èyí tó dé ẹnu ni mo máa ń yàn, pàápàá bí iná bá jẹ́ gáàsì, nítorí ọwọ́ iná gáàsì máa ń gun ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

Ẹni tó bá ń ráhùn pé oúnjẹ ń lẹ̀ mọ́ irú páànù yìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò jẹ́ kó gbóná tó. Ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Bí omi náà bá tàn kálẹ̀ tó sì hó gbẹ, ẹ ṣì ní sùúrù. Bí omi bá ká jọ di ìlẹ̀kẹ̀ roboto tó ń sáré kiri láìgbẹ, àkókò ti tó: ẹ nu omi náà kúrò, ẹ da epo sí i, kí ẹ sì gbé ẹran sí i. Èéfín omi tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà ló ń gbé e sókè. Johann Gottlob Leidenfrost, oníṣègùn kan ní Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1756. Lẹ́yìn tí ẹran bá lẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi agbára fà á. Bí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n, yóò jáwọ́ fúnra rẹ̀.

Páànù tí wọ́n fi Teflon bò, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ páànù, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Roy Plunkett ló ṣàwárí èròjà náà ní ọdún 1938, nígbà tó ń wá nǹkan mìíràn. Ó dára fún ẹyin àti ẹja rírọ̀ lórí iná kékeré. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti kọjá 260°C, awọ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bó bá sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò tú èéfín tó lè pa ẹyẹ tí a ń sìn nínú ilé. Páànù tó ṣófo lórí iná ńlá kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé e lé èédú láéláé.

Ọ̀rọ̀ alumíníọ́mù ká mi lára ju èyí lọ. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì ń tan ooru kálẹ̀ dáadáa. Bí ó bá nípọn, ìkòkò rere ni. Ohun kíkan máa ń jẹ ẹ́, nítorí náà kò yẹ kí a se tòmátò pẹ́ nínú rẹ̀, kí a má sì fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú, àfi bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi iná mànàmáná mú ojú rẹ̀ le. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù irin yọ́ dà, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé nínú ọ̀pọ̀ wọn. Òjé kì í yí adùn oúnjẹ padà, kò ní òórùn, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ọpọlọ ọmọdé lára. Bí owó kò bá tó fún ìkòkò mẹ́ta tí a mọ orísun wọn, kí a ra ẹyọ kan ṣoṣo tí a mọ̀.

Ní ti ọmọrí àti ọwọ́ ìkòkò, kí ọmọrí jókòó dáadáa, kí ọwọ́ sì jẹ́ irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó, kì í ṣe ike, bí a bá ní in lọ́kàn láti lò ó lórí èédú tàbí nínú ààrò. Ìkòkò irin tí wọ́n fi tánganran bò dára fún ohun tí a fẹ́ sè pẹ́. Kí a má jẹ́ kó ṣubú, kí a má sì gbé e lófìfo lé iná.

Èédú ni mo fẹ́ kí a wá yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń fara balẹ̀ yan ìkòkò náà máa ń ra àpò èédú láìṣí i wò. Igi tí wọ́n sun láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó rí i ni èédú. Omi àti ọ̀pọ̀ gáàsì inú igi ti jáde, carbon ló kù jù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í rú èéfín púpọ̀, tí kílò kan rẹ̀ fi ń mú nǹkan bí 30 megajoule ooru wá nígbà tí kílò igi gbígbẹ kan ń mú nǹkan bí 16. Ẹ mú ẹyọ èédú méjì, ẹ fi wọ́n kan ara wọn. Èyí tó sun jinná yóò dún gbangangan bí irin. Èyí tí kò jinná yóò dún kúbú. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan: kí inú rẹ̀ dúdú, kó dán, kí àwòrán igi ṣì hàn níbẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí igi, èéfín ni ẹ fẹ́ rà. Kí ẹ wá fọwọ́ kan ìdí àpò, kí ẹ mọ ìwọ̀n èyí tó ti di lẹ́búlẹ́bú, nítorí pé ìyẹn kì í jó. Ṣe ni yóò dí ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Èédú mìíràn wà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi nǹkan bíi sítáàṣì pò, tí wọ́n sì tẹ̀ sí ìwọ̀n kan náà. Ellsworth Zwoyer gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ Henry Ford sì sọ ọ́ di ohun tó gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1920, láti ara igi tó ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Eérú rẹ̀ pọ̀ ju ti èédú lásán lọ, ṣùgbọ́n ó ń jó dọ́gba, ó sì ń pẹ́. Bí mo bá fẹ́ yan ẹran ńlá tí yóò gba wákàtí púpọ̀, òun ni mo máa ń lò. Bí mo bá fẹ́ ooru gíga tó yá, èédú lásán ni. Èyí tí wọ́n ti rẹ sínú epo kí ó lè tètè gbiná ni n kò fẹ́ràn, nítorí òórùn epo náà lè wọnú oúnjẹ bí a kò bá dúró kó jó tán.

Láti dá iná náà, agolo irin gígùn tó ní ihò nísàlẹ̀ tó. A ó kó èédú sókè, a ó ki ìwé sísàlẹ̀, a ó ṣáná sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, etí èédú òkè yóò funfun fún eérú, a ó sì da ẹyin iná náà sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da epo bẹntiróòlù sí èédú láé. Oru rẹ̀ máa ń gbiná kí ọwọ́ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń kó ẹyin iná sí, n ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo. Ojú ẹran yóò pọ́n lórí iná, yóò sì jinná délẹ̀ níbi tí kò sí iná. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni mo ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá ń kán sórí ẹyin iná, èéfín tó ń jáde máa ń gbé àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní PAH padà sára ẹran, àwọn èròjà yìí sì wà lára ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Dídín ọ̀rá tó ń kán sínú iná kù ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti dín wọn kù. Àwọ̀n irin tí a ń yan ẹran lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà tàbí irin dúdú, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi zinc bò, nítorí ooru gíga máa ń mú èéfín olóró jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí a fi aṣọ tútù nù ún, nítorí pé irun irin kan ṣoṣo tó já síbẹ̀ lè bá ẹran wọ ọ̀nà ọ̀fun.

Mo bẹ ẹni tó bá ń kánjú ka àròkọ yìí kó dúró díẹ̀ níbí. Èédú tó ń jó, kódà èyí tí kò rú èéfín mọ́, ń tú gáàsì carbon monoxide sílẹ̀. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí fífọ́ àti oorun ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tí gáàsì náà ń pa kì í fura. Ìta gbangba ni ààyè èédú. Kì í ṣe inú yàrá, kì í ṣe inú gáréèjì, kì í ṣe inú àgọ́, ìbáà ṣe pé òjò ń rọ̀ tàbí òtútù ń mú, fèrèsé kan tí a ṣí kò sì tó láti gbani.

Ẹni tó bá fẹ́ lo igi, kó jẹ́ igi líle tó ti gbẹ débi pé omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi tútù ń fi ooru rẹ̀ gbẹ omi ara rẹ̀ kó tó ráyè se oúnjẹ. Igi olóje kò dára fún yíyan, igi tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò tọ́jú sì léwu, nítorí pé arsenic wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́.

Gáàsì ló rọrùn láti darí jù, mi ò sì rí ohun ìtìjú kan nínú pé kí ènìyàn fi yan ẹran. Kí ọwọ́ iná rẹ̀ jẹ́ búlúù; bó bá pọ́n tàbí tó ń kun ìdí ìkòkò dúdú, afẹ́fẹ́ kò tó, ó yẹ kí a tún ojú iná ṣe. Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló sì máa ń kóra jọ sí. Òórùn tí a ń gbọ́ lára rẹ̀, wọ́n fi kún un ni kí a lè tètè mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ sílíńdà, kí a fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀. Bí ìfóòfó bá ń wú, kí a tì í pa. Ìṣáná kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ tò wọ́n pọ̀, irin dúdú ló bá èédú àti igi mu jù, nítorí iná wọn kì í dúró sójú kan, irin yìí sì máa ń pẹ̀tù sí i. Irin tí kì í dípẹtà tó ní alumíníọ́mù láàárín bá gáàsì mu. Fún sítóòfù induction tó ń lo agbára òòfà, kí a mú òòfà kékeré lọ sọ́jà: ìdí ìkòkò tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ kò ní í gbóná lórí rẹ̀.

Nígbà tí a bá yan nǹkan tán, kí a dé ààrò èédú, kí a sì dí gbogbo ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹyin iná yóò kú, èyí tó bá ṣẹ́ kù yóò sì tètè gbiná nígbà mìíràn. Ní ti eérú, ẹyin iná lè wà láàyè lábẹ́ rẹ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà inú agolo irin tó ní ọmọrí ni kí a kó o sí, jìnnà sí ògiri ilé, kí a sì bu omi sí i, kí a rò ó dáadáa, kí a tún bu omi sí i kí a tó dà á nù.